Ìwé Ìwọ̀n Ìyá Aránṣọ

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Màmá mi,

Mo kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìfaradà ẹ̀yìn tó ń dùn yín. Ṣé ẹ ti gbé máṣíìnì kúrò níwájú fèrèsé bí mo ṣe sọ? Mo mọ̀ pé ẹ kò tíì gbé e. Lẹ́tà méjì ni mo ti kọ tí mi ò rí èsì. Bí ẹ bá ń bínú, ẹ kọ ìbínú náà ránṣẹ́, màá kà á.

Nínú lẹ́tà yín tó kẹ́yìn, ẹ bèèrè ìdí tí mi ò fi ń pè yín lórí fóònù bí ọmọ ẹlòmíràn. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ló fà á. Àwa ogójì la wà nínú yàrá kan lórí òkè kẹta ní ìlú òkèèrè yìí. Kí a tó wọlé, a ó kó fóònù wa sínú àpótí onírin tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀gá á sì tì í pa. Lójú kọ̀ǹpútà mi, àwòrán ojú-ìwé tí ènìyàn fọwọ́ kọ ló máa ń jáde, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Iṣẹ́ mi ni kí n tẹ ohun tí mo bá kà sínú àwọn àlàfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, orúkọ síhìn-ín, ọjọ́ orí sọ́hùn-ún. Bí mi ò bá lè kà á, màá tẹ "kò ṣeé kà", ojú-ìwé náà á sì kọjá lọ.

Àwa mẹ́ta la gbọ́ èdè wa níbẹ̀, nítorí náà àwa ni wọ́n ń kó ìwé tó wá láti ilé fún. Ìwé ilé ìwòsàn, ìwé ilé ìtura, ìwé orúkọ èrò ọkọ̀ láti ibùdókọ̀. Bí wọ́n ṣe rí wọn kó, wọn kì í sọ fún wa. Láàárín àárọ̀ sí ọ̀sán ọjọ́ kan, orúkọ àwọn obìnrin tí oyún bàjẹ́ lára wọn tí mo kà pọ̀ ju gbogbo obìnrin abúlé wa lọ. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ẹbí lórí fóònù mọ́. Mo tilẹ̀ pa gbogbo nọ́ńbà àdúgbò wa rẹ́ kúrò nínú fóònù mi, àyàfi tiyín. Ẹ pè mí ní olórí kunkun bó bá wù yín. Ìwé tí a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ni mo fọkàn tán.

Ṣòkòtò tí ẹ rán fún mi kò dúró ní ìdí mi mọ́. Ẹ má kọ ọ́ sínú ìwé ìwọ̀n yín pé ebi ń pa mí o. Oúnjẹ wà, àkókò láti jẹ ẹ́ ni kò sí.

Ẹ bá mi kí Tíṣà. Ẹ sọ fún un pé ọwọ́ ìkọ̀wé tó fi pàṣán kọ́ mi ní ilé ẹ̀kọ́ abúlé ló ń bọ́ mi báyìí. Mi ò bèèrè ibi tó wà. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá apá rẹ̀ ṣì ń dùn ún.

Èmi ni, ọmọ yín tí kì í gbọ́ràn.


Ogúnjọ́, oṣù kejì

Olórí Kunkun ọmọ mi,

Mo kí ọ bí ẹni tó ń wo ojú rẹ. Mi ò bínú, ọwọ́ mi ló dí. Máṣíìnì ṣì wà níwájú fèrèsé. Ibẹ̀ ni mo ti ń rí ihò abẹ́rẹ́, ibẹ̀ náà ló máa wà.

Ọkùnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó fi táì sọ́rùn, bàtà rẹ̀ ń dán débi pé mo rí ẹsẹ̀ máṣíìnì nínú rẹ̀. Mo sọ ọ́ ní Onítáì. Ó kí mi bí ẹni pé èmi ni mo bí i.

Ó ní, "Màmá, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ ara gbogbo ènìyàn àdúgbò yìí."

Mo ní, "Ara nìkan kọ́. Mo mọ èyí tó ń purọ́ pé òun kò sanra."

Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní ìwé lè jóná, ekuté lè jẹ ẹ́, òjò lè pa á. Ó ní ilé-iṣẹ́ àwọn máa ya àwòrán ìwé ìwọ̀n mi, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ síbi tí ekuté kò lè dé, n óò sì máa rí i lórí fóònù tuntun tí wọ́n fún mi. Nọ́ńbà mi ni wọ́n fi sínú rẹ̀, wọ́n sì gba èyí tó ti gbó lọ. Wọ́n tún fún mi ní páálí òwú kan, gbogbo àwọ̀ ló wà níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ya àwòrán ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Jẹ́jẹ́ ló ń ṣí wọn, bí ẹni tó ń yí ọmọ tó sùn padà. Ó ní kí n buwọ́ lu ìwé kan. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kéré bí ẹyin iná orí, mi ò lè kà á, mo buwọ́ lù ú.

Tíṣà wà dáadáa, ó ń kọ́ àwọn ọmọ níbòmíràn. Ọdún méjì rèé tó ti sá kúrò nílé ọkọ rẹ̀, ọkọ náà kò sì tíì ṣíwọ́ wíwá a. Èmi nìkan ni mo mọ ibi tó wà, nítorí èmi ni mò ń ránṣọ fún un tí mo sì ń fi í ránṣẹ́. Apá náà ń dùn ún bí òjò bá ṣú. Èjìká òsì rẹ̀ kò padà sípò mọ́, ìwọ̀n ìka kan ni mo fi ń gé apá òsì aṣọ rẹ̀ kúrú ju ọ̀tún lọ.

Mo ti dín ìdí ṣòkòtò rẹ kù nínú ìwé. Ohun tí mo kọ síbẹ̀ nìyí: ó rù, ó ń purọ́.

Ìyá rẹ ni.


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta

Màmá mi,

Mo kí yín. Ìkíni mi kúrú lónìí, ẹ má bínú.

Lánàá, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ojú-ìwé kan jáde lójú kọ̀ǹpútà mi. Mo mọ ọwọ́ náà kí n tó ka ọ̀rọ̀ kan. Mo rí "A" yín tó máa ń ga ju àwọn yòókù lọ bí ẹni tó ń wo orí ògiri. Mo rí àbàwọ́n òróró máṣíìnì ní igun, èyí tí mo dà sí ìwé náà tó sì rin gbogbo ojú-ìwé rẹ̀ nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹrin tí ẹ fi lé mi yí ilé po. Orúkọ Tíṣà ló wà lókè, ti bàbá rẹ̀ àti ti ọkọ rẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ lẹ kọ eléyìí sí:

"Àyà mẹ́rìndínlógójì. Ìbàdí ọgbọ̀n. Èjìká òsì wálẹ̀, ọkọ rẹ̀ ló ṣẹ́ apá náà. Kí n máa fi aṣọ ránṣẹ́ fúnra mi, kí ọkọ má mọ̀."

Màmá, èyí kì í ṣe ìwọ̀n. Aránṣọ mìíràn a máa kọ nọ́ńbà, ẹ̀yin ń kọ ènìyàn. Ẹ mọ ẹni tó lóyún kí ọkọ rẹ̀ tó mọ̀. Ẹ mọ ẹni tí wọ́n gé ọmú rẹ̀ kan kúrò, tó ń fi òwú dí àlàfo. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ wà lábẹ́ tábìlì tí ẹ fi ń lọ aṣọ, kò sí ohun tó burú. Kò sí lábẹ́ tábìlì mọ́: ẹnikẹ́ni tó bá sanwó fún ilé-iṣẹ́ wa lè kà á.

Mo tẹ "kò ṣeé kà". Irọ́ àkọ́kọ́ tí mo pa lẹ́nu iṣẹ́ yìí nìyẹn, màá sì tún pa á. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún mi, tí a ń pè ní Onígíláàsì, bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ wá wo aránṣọ yìí! 'Ẹsẹ̀ ọ̀tún Dẹ́rẹ́bà kúrú ju tòsì lọ, ó ní kí n má jẹ̀ẹ́ kí ọ̀gá òun gbọ́.'" Bó ṣe ń rẹ́rìn-ín ló ń tẹ̀ ẹ́. Mi ò lè gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

Ẹ pa fóònù tí wọ́n fún yín, ẹ má tàn án, ẹ má fi pè mí. Ẹ fi ìwé tí ẹ buwọ́ lù ránṣẹ́. Kí ẹ sì dá mi lóhùn kíákíá: ṣé ẹ kọ ibi tí Tíṣà ń gbé sí ojú-ìwé kankan?

Ọmọ yín ni.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹta

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Lẹ́tà rẹ dé, mi ò sì fẹ́ràn rẹ̀. O kọ̀wé sí mi bí ọlọ́pàá.

O ní mò ń kọ ènìyàn. Kí ni kí n kọ? Aṣọ kì í gbọ́ nọ́ńbà nìkan. Bí mi ò bá kọ ọ́ pé èjìká kan wálẹ̀, kí n sì gé apá méjèèjì dọ́gba, aṣọ náà fúnra rẹ̀ ló máa sọ fún gbogbo àdúgbò. Tìtorí kí n lè bò wọ́n mọ́lẹ̀ ni mo ṣe ń kọ ọ́. Ọdún méjìdínlógún rèé, kò sí ẹni tó gbọ́ ohun kan lẹ́nu mi.

Mo kọ ìyẹn tán lánàá, mo ní kí n lẹ àpò lẹ́tà pa, ni Dẹ́rẹ́bà wọlé. Kò kí mi.

"Ìyá Aránṣọ! Ta lẹ bá sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ mi?"

"Ẹsẹ̀ wo?"

"Ẹsẹ̀ mélòó ni mo ní? Èyí tí ẹ máa ń ṣẹ́ ṣòkòtò rẹ̀ sókè náà ni!"

Ó ní ọ̀gá òun pe òun sí ọ́fíìsì, ó ní kí òun máa rìn lọ, kí òun máa rìn bọ̀ níwájú àwọn akọ̀wé. Lẹ́yìn náà ó gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló fi wakọ̀ fún wọn, kò ha ọkọ̀ ẹnikẹ́ni lára rí. Ó kó gbogbo aṣọ rẹ̀ lọ, títí kan ṣẹ́ẹ̀tì tí mi ò tíì so apá mọ́. Ó ní, "Ẹ bá mi yọ ara mi kúrò nínú ìwé yín." Mo fa ojú-ìwé náà ya lójú rẹ̀. Ó wo bébà náà lọ́wọ́ mi, ó ní, "Èyí tí wọ́n ti gbé lọ ńkọ́?"

Oníbàárà mi mìíràn, obìnrin tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì ní ibùdókọ̀, kò wá mọ́ pẹ̀lú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tú ìdí aṣọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún yìí. Wọ́n ní wọ́n ti dá a dúró níbi iṣẹ́ kó tó sọ fẹ́nikẹ́ni pé òun lóyún.

Mo ti pa fóònù, ó wà nínú agolo bọ́tìnnì, abẹ́ bọ́tìnnì ni mo tì í sí. Ìwé tí mo buwọ́ lù rèé. Ní ti Tíṣà, fọkàn balẹ̀. Ibi tó ń gbé kò sí nínú ìwé kankan. Inú orí mi ló wà.

Sọ ohun tí mo máa ṣe fún mi. Ìwọ lo mọ̀wé.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin

Màmá mi,

Mo kí yín, mo sì tún kí yín. Ẹ má bínú sí ẹnu mi. Ẹ̀yin lẹ bí i bẹ́ẹ̀.

Mo ti ka ìwé tí ẹ buwọ́ lù. Ó ní ẹ búra pé ẹ ti bi gbogbo oníbàárà yín, wọ́n sì gbà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú yín. Bí ìjọba bá bèèrè, ilé-iṣẹ́ á ní àwọn kò mọ nǹkan kan, aránṣọ ló jẹ̀bi.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà wà. Wọ́n lẹ òfin kan mọ́ ògiri níwájú ilé ìyàgbẹ́ ibi iṣẹ́ wa. Gbogbo ènìyàn máa ń kọjá lára rẹ̀ pẹ̀lú ìkánjú ni, èmi dúró mo kà á tán, àwọn tó wà lẹ́yìn mi ń pariwo. Òfin náà ní ọ̀rọ̀ nípa ara ènìyàn, ẹni náà ló ni ín, ẹnikẹ́ni tí ì báà kọ ọ́ sílẹ̀. Oníṣòwò tó gbà á lọ́wọ́ oníbàárà ń bá a tọ́jú rẹ̀ lásán ni. Kò gbọ́dọ̀ fún ẹlòmíràn láìbi í. Bó bá fún un, wọ́n lè ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Èyí ni apá tó kàn yín. Apá tó kan àwọn nìyí: ẹni tó ni ọ̀rọ̀ náà, tàbí aṣojú rẹ̀, lè ní kí ilé-iṣẹ́ pa á rẹ́, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ṣe é láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Dandan ni, Màmá. A kò tọrọ rẹ̀.

Akọ̀wé kan wà nísàlẹ̀ tó ń bójú tó fọ́ọ̀mù tí a fi ń ní kí wọ́n pa ọ̀rọ̀ rẹ́. Mo gba mẹ́sàn-án lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n wà nínú àpò yìí. Ẹ kọ ọ̀kan fún Tíṣà, ọ̀kan fún Dẹ́rẹ́bà, ọ̀kan fún obìnrin tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ ìyókù fún àwọn tí ọkàn yín kò bá balẹ̀ nípa wọn. Akọ̀wé náà ní bí àlàfo kan bá ṣófo, wọ́n máa ń sọ ọ́ nù ni. Ẹ má fi àlàfo kankan sílẹ̀. Ẹ̀ka wọn tó wà nílé lẹ máa fi ránṣẹ́ sí, kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi, kí wọ́n má baà mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ bí mi.

Ẹ mọ̀ pé èmi kì í tètè gba nǹkan gbọ́. Eléyìí, mo gbà á gbọ́.

Ọmọ yín tó ń gbìyànjú ni.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹrin

Olórí Kunkun mi,

Mo kí ọ, orí rẹ á dára. Mo ti ṣe é. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ fọ́ọ̀mù mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, ọwọ́ tó dára jù lọ tí mo ní ni mo fi kọ wọ́n. Mo fi rúlà fàlà sí abẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Láàárọ̀ àná ni mo gbé wọn lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́.

Ní ti Tíṣà, mo dé ibi kan, bírò mi dúró. Wọ́n ní, níbo ni ẹni náà ń gbé báyìí? Mo jókòó tì í títí tí áyọ́ọ̀nù fi tutù. Mo rántí ohun tí o sọ, pé kí n má fi àlàfo kankan sílẹ̀. Mo tún rò ó pé Tíṣà pọ̀ láyé yìí. Bí wọn kò bá mọ èyí tí mò ń wí dájú, wọ́n lè lọ pa ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn rẹ́ kí wọ́n fi tirẹ̀ sílẹ̀. Mo kọ ọ́ kó yé wọn: orúkọ ìlú náà, ilé aláwọ̀ ewé tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, ilẹ̀kùn kejì lọ́wọ́ òsì, ẹni tó ń gbé níbẹ̀ lóun nìkan. Òfin ni wọ́n máa fi ṣọ́ ọ, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lo wí?

Mo sọ fún Dẹ́rẹ́bà pé mo ti kọ tirẹ̀. Ó gbé àga mi tó ya wọlé, ó kàn án.

Mi ò tíì sọ fún Tíṣà o. Mi ò fẹ́ já a láyà. Bí wọ́n bá parí rẹ̀, màá kọ ọ́ sí bébà pélébé, màá rán an mọ́ etí aṣọ rẹ̀ tó kàn, kó bá a níbẹ̀ bó bá ń fọ̀ ọ́. Á rẹ́rìn-ín.

Ara mi fúyẹ́. Máa jẹun.

Ìyá rẹ tí kò fi àlàfo sílẹ̀.


Ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù karùn-ún

Màmá,

Mi ò kí yín. Ẹ ka ìyókù lórí ìdúró.

Lẹ́tà yín dé láàárọ̀ yìí. Mo sáré sọ̀kalẹ̀ lọ bá akọ̀wé fọ́ọ̀mù kó tó bọ́ kóòtù rẹ̀.

Mo ní, "Bí aṣojú bá kọ fọ́ọ̀mù fún ẹnì kan, kí lẹ máa ń ṣe?"

Ó ní, "A máa ń kọ̀wé sí ẹni náà fúnra rẹ̀ kó buwọ́ lù ú pé òun fẹ́ ẹ. A ó fi ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ wa nípa rẹ̀ kún un. Òfin ni."

"Níbo lẹ ń fi ránṣẹ́ sí?"

"Ilé tó wà nínú ìwé wa tẹ́lẹ̀. Bí a bá lo èyí tó wà lórí fọ́ọ̀mù, olè lè kọ ilé tirẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó."

"Fọ́ọ̀mù ọ̀hún ńkọ́? Ṣé ẹ máa ń fi ìyẹn kún un?"

"Mo ní gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ wa."

Mo bẹ̀ ẹ́, ó wo kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ìwé ilé ìwòsàn ni wọ́n ti mú ilé Tíṣà, ti ọjọ́ tí wọ́n to eegun apá rẹ̀. Ilé ọkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Màmá, wọ́n ti fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ilé ọkọ rẹ̀ láti ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù tó kọjá. Ìlú náà wà nínú rẹ̀, ilé aláwọ̀ ewé wà nínú rẹ̀, ilẹ̀kùn kejì lọ́wọ́ òsì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú rúlà lábẹ́.

Mo ti pè yín lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Inú agolo bọ́tìnnì ni fóònù yín ń gbé, èmi ni mo ní kí ẹ pa á. Nọ́ńbà ẹlòmíràn kò sí lọ́wọ́ mi, èmi ni mo pa wọ́n rẹ́. Lẹ́tà yìí ló kù.

Ẹ̀ẹ̀mejì la ti gbé ọ̀rọ̀ Tíṣà rìn. Ẹ̀yin kọ́kọ́ gbé e, èmi ṣìkejì. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì, kò sí ẹni tó bi í nínú wa. Tíṣà sì kọ́ mi láti ka gbogbo ìwé dópin kí n tó fọwọ́ sí i. Ohun tó wà lára ògiri ni mo kà. Mi ò ka fọ́ọ̀mù.

Ẹ lọ mú un kúrò níbẹ̀. Ẹ má dúró gbọ́ tèmi, ẹ má dúró ti oníbàárà kankan.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Láti ọjọ́ tí mo ti fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, mi ò rí lẹ́tà rẹ. Bóyá o ti kọ ọ́, bóyá ó wà lọ́nà. Èyí tí mo fẹ́ sọ kò lè dúró dè é.

Láàárọ̀ yìí, mò ń lọ aṣọ lọ́wọ́, ọkùnrin kan tí mi ò rí rí dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ka pátákó mi. Ó kà á pẹ́ ju bí ọ̀rọ̀ orí rẹ̀ ṣe pọ̀ tó lọ. Ohùn rẹ̀ tutù, èékánná rẹ̀ mọ́. Ó ní òun fẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì ìrìn àjò. Mo fi téèpù yí àyà rẹ̀ ká, bébà kan ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú àpò rẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ mi.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ bébà yẹn kí ìwọ̀n lè péye."

Ó ní, "Ẹ wọ̀n ọ́n mọ́ ọn."

Mo ní, kí n sáà lè sọ nǹkan, "Ìrìn àjò wo la fẹ́ lọ?"

"Mo fẹ́ lọ mú ìyàwó mi wálé. Ó ti pẹ́ lóde."

"Háà, ẹ kú ìrìn. Níbo ló wà?"

"Màmá, ẹ̀yin lẹ júwe rẹ̀ fún mi. Ọwọ́ ìkọ̀wé yín dára. Rúlà tí ẹ fi fàlà sí i wù mí."

Téèpù bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣà á, ó ká a jẹ́jẹ́, ó fi sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó ní kí n rán kaba kan pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì náà, ti ìyàwó òun, kó rí nǹkan wọ̀ bọ̀. Mo ní mi ò mọ ìwọ̀n rẹ̀. Ó ní, "Àyà mẹ́rìndínlógójì. Ìbàdí ọgbọ̀n. Ẹ má gbàgbé èjìká òsì."

Mo ní kó padà wá lọ́jọ́ kẹta. Ó ní ọjọ́ kẹta dára, òun kò kánjú, ọdún méjì ni òun ti fi dúró. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó lọ. Èmi náà sì ka ọjọ́ bí ẹni tó ń ka òwú sórí abẹ́rẹ́: bí mo bá lọ láàárọ̀ ọ̀la, màá ti fi ọjọ́ kan ṣíwájú rẹ̀.

Ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo ti fi dáná. Wọn kò jó ju ìgbà tí omi ìkòkò kan fi ń hó lọ. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ ni màá wọ̀ láàárọ̀ ọ̀la. Ní ibùdókọ̀, wọn kì í jẹ́ kí ènìyàn wọlé láìkọ orúkọ, ibi tó ń lọ, àti orúkọ ẹbí tí wọ́n lè pè bí nǹkan bá ṣe èrò. Mo rò ó pé kí n kọ orúkọ mìíràn, ṣùgbọ́n o mọ̀ mí, ọwọ́ mi kò mọ̀ ọ́n ṣe. Orúkọ rẹ ni màá kọ sí ìparí.

Bí mo bá ti mú un débi tó fara sin, màá kọ̀wé sí ọ. Má pe fóònù yẹn. Kò sí ẹni tó máa gbé e.

Ìyá rẹ ni.


Ọgbọ̀njọ́, oṣù kẹfà

Màmá mi,

Mo kí yín, níbikíbi tí ẹ bá wà. Lẹ́tà kẹrin rèé láti ìgbà tí mo ti gba tiyín. Mi ò mọ ibi tí mo lè fi í ránṣẹ́ sí ju ṣọ́ọ̀bù lọ. Èyí tó ṣáájú padà wá bá mi. Wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé ilẹ̀kùn wà ní títì.

Akọ̀wé fọ́ọ̀mù dá mi dúró lórí àtẹ̀gùn níbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní fọ́ọ̀mù Tíṣà ti padà dé, wọ́n ti buwọ́ lù ú, láti ìgbà tó sì ti padà dé, ọjọ́ kò tíì pé ọgbọ̀n tí iṣẹ́ fi parí. Mo ní ta ló buwọ́ lù ú. Ó ní ọkọ rẹ̀ ló bá a buwọ́ lù ú. Wọ́n ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Orúkọ Tíṣà kò sí nínú kọ̀ǹpútà wọn mọ́ níbì kankan. Ohun tí òfin wí ni wọ́n ṣe.

Mo lọ bá ọ̀gá, mo ní kó gbé mi sí ìwé èrò ọkọ̀. Ó yà á lẹ́nu, ìwé tí gbogbo wa máa ń sá fún ni, eruku àti àbàwọ́n epo ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń ka orúkọ àwọn tó lọ síbí, àwọn tó lọ sọ́hùn-ún. Láàárọ̀ yìí, ojú-ìwé ọjọ́ keje oṣù karùn-ún jáde. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ ni.

Orúkọ yín wà ní ìlà kẹrin. "A" náà ga bí ó ṣe máa ń ga. Ìlú tí ẹ ń lọ wà níbẹ̀, orúkọ mi àti àdírẹ́sì mi níbí wà ní ìparí ìlà náà.

Ní ìlà keje, ọwọ́ mìíràn, ọwọ́ tó mọ́ tónítóní. Orúkọ ìdílé tí Tíṣà máa ń fi buwọ́ lu ìwé èsì ìdánwò wa ni. Ìlú kan náà. Níbi tí wọ́n ní kó kọ ẹbí rẹ̀ sí, ó kọ ọ́ pé: ìyàwó mi, ilé aláwọ̀ ewé lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, ilẹ̀kùn kejì lọ́wọ́ òsì.

Kò dúró di ọjọ́ kẹta, Màmá. Ẹ̀yìn yín ló jókòó sí.

Mo gbé ọwọ́ lé kọ̀ǹpútà láti tẹ "kò ṣeé kà" bí mo ṣe máa ń ṣe. Ọwọ́ mi kọ̀. Ẹ ti dáná sun ìwé yín. Ṣọ́ọ̀bù wà ní títì. Bí ẹnikẹ́ni bá wá yín lọ́la, ìlà kẹrin yìí nìkan ló kù tó sọ pé ẹ gbéra láàárọ̀ ọjọ́ kan, àti ẹni tó bá yín wọ ọkọ̀.

Ọ̀gá wá dúró lẹ́yìn àga mi. Ó ní, "Èyí ti pẹ́ lójú rẹ. Ṣé ó ṣeé kà?"

Mo ní, "Ó ṣeé kà, ọ̀gá."

Mo tẹ orúkọ yín, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Mo tẹ tirẹ̀. Mi ò fi àlàfo kankan sílẹ̀.

Ẹ dá mi lóhùn.

Ọmọ yín.